Nọ́ọ̀tì tí Akínbíyì Fi Kútẹ̀ẹ̀sì Kùn

Eyín ni ọkùnrin náà ń kà nígbà tí Nimat wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Owódé Onírin. Ó gbé sítátà ọkọ̀ méjì sórí tábìlì, ó tẹrí ba, ó ń fi ìka kan eyín irin tó wà lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ sì ń mì bí ẹni tó ń ka tẹ̀sùbáà. Oòrùn gba inú ihò páánù òrùlé wọlé, ó bà lé e léjìká. Nimat kí i, kò dáhùn. Ó tún kí i, ọkùnrin náà na ọwọ́ kan sókè pé kó ní sùúrù, kò sì gbójú sókè títí tó fi kà á tán.

Sùúrù gan-an ni Nimat ò sì ní lọ́jọ́ náà. Òun ló máa ń kó ata, tòmátì àti àlùbọ́sà láti ọjà Mile 12 lọ fún àwọn ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì ní Ògùdù, Pijó dísù bàbá rẹ̀ ló sì fi ń kó o. Ọkọ̀ náà ju Nimat fúnra rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, sítátà rẹ̀ sì ti kú tipẹ́. Láràárọ̀, tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, àwọn ọkùnrin mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn ní Ìkòsí ló máa ń bá wọn tì í kó tó gbéra. Tó bá wá kú sọ́nà, Nimat á máa bẹ ẹni ẹlẹ́ni kiri. Ọ̀rọ̀ náà ti sú u dé ọ̀fun.

Nígbà tí ọkùnrin náà gbójú sókè, ẹ̀rín tó rín sí i dùn débi pé Nimat gbàgbé ohun tó wá rà fúngbà díẹ̀. Ìyẹn náà tún bí i nínú.

"Sítátà Pijó dísù ni mo fẹ́, Ọ̀gá," ló wí.

"Ẹ gbé ti àtijọ́ wá kí n rí i, Aunty."

Nimat ní ara ọkọ̀ ni ti àtijọ́ wà, ilé sì ni ọkọ̀ wà. Ọkùnrin náà, Akínbíyì lorúkọ rẹ̀, ní òun kì í ta sítátà fún ẹni tí kò bá gbé ti àtijọ́ dání. Bí òun ṣe ń tajà nìyẹn. Òun á gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òun á ka eyín, òun á wo ihò tí wọ́n fi ń dè é mọ́ ẹ́ńjìnì, torí ti dísù àti ti pẹtiróòlù lè jọra bí ìbejì kí agbára wọn má sì dọ́gba rárá. Nimat bi í bóyá ọjà ló ń tà tàbí ọmọ ló ń fi fọ́kọ. Akínbíyì ní méjèèjì ló gba ìwádìí. Nimat pòṣé, ó jáde, ó wọ ṣọ́ọ̀bù kejì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ta sítátà fún un láìbi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Mẹ́káníìkì dè é mọ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì. Nimat yí kọ́kọ́rọ́, sítátà náà kérora, ó mì lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ti pẹtiróòlù ni wọ́n tà fún un. Bàbá rẹ̀, Bàbá Àbúdù, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ ẹrù láti Kánò wá sí Mile 12 kí orúnkún tó dá a jókòó, rẹ́rìn-ín lórí àga rẹ̀ níwájú ilé, ó ní kò burú, àwọn á tì í láàárọ̀ ọ̀la bí àwọn ṣe máa ń ṣe. Inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n Nimat ò kíyè sí i. Ìbínú tirẹ̀ ò jẹ́ kó ríran.

Bó ṣe ń padà sí Owódé Onírin, ó kó sítátà méjèèjì sínú apẹ̀rẹ̀ tòmátì, ti àtijọ́ àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó sì gbé e ka orí tábìlì Akínbíyì gbì. Ó dúró kí ọkùnrin náà fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo ọ̀nà ló ti ń ronú èsì tí òun máa fún un. Àmọ́ Akínbíyì kò rẹ́rìn-ín, kò sì sọ pé mo sọ fún yín. Àga ló gbé fún un àti omi tútù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka eyín. Nimat jókòó, ó mu omi náà.

Ó bá a yan èyí tó yẹ, ó tún ní sítátà nìkan kọ́ o. Ẹ́ńjìnì dísù le, ó máa ń fún atẹ́gùn mọ́ra gan-an kó tó gbaná, tí bátìrì bá sì jẹ́ ti ọkọ̀ kékeré kò ní lè yí i. Ó ní kí Nimat má ṣe máa wo bí bátìrì ṣe ń dán, nọ́ńbà agbára tí wọ́n kọ sí i lára ni kó máa wò, àti ìgbà tí wọ́n ṣe é. Ó mú wáyà méjì tó nípọn bákan náà, ó fi ọ̀bẹ ha wọ́n lára. Ọ̀kan pupa dénú. Èkejì pupa lóde, ó funfun nínú.

"Bàbà nìyí," ló wí. "Èyí kejì, wọ́n kàn fi bàbà bò ó lójú ni. Á máa gbóná, sítátà ò sì ní rí iná gbà tó."

"Ta ló máa ń jókòó ha wáyà?" ni Nimat bi í.

"Ẹni tí kò fẹ́ kí ẹ padà wá bú òun."

Nimat ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Akínbíyì bá a lọ sí Ìkòsí lọ́jọ́ yẹn, ó de sítátà, ó gbé bátìrì tuntun sí i, ó pààrọ̀ wáyà méjèèjì, èyí tó ń gbé iná lọ sí sítátà àti èyí tó so bátìrì mọ́ ara ẹ́ńjìnì. Nimat yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ náà sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pa á, ó tún ṣí i, ó tún pa á, ó tún ṣí i, títí Akínbíyì fi ní kó ṣàánú bátìrì. Bàbá Àbúdù ní ó dáa, ó sì wọlé lọ.

Láti ọjọ́ náà ni Akínbíyì ti ń yà sí Mile 12 láàárọ̀ kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun wá wo sítátà ni. Dípò sítátà tó ní òun wá wò, ó máa ń bá Nimat gbé apẹ̀rẹ̀ ata sínú ọkọ̀, ó máa ń ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà dání, ó sì máa ń bi í bóyá ó sùn dáadáa. Ó ń pè é ní Aunty Sùúrù. Nimat ń pè é ní Ọ̀gá Eléyín. "Ẹ" tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ di "ìwọ" láìsí ẹni tó mọ ọjọ́ tó yí padà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá tí Akínbíyì kò lè wá nítorí ìnáwó kan ní Ìlaròó, ìlú rẹ̀, Nimat mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tí kò sí.

Ẹ̀rù tó ń ba Nimat ni ti ẹ̀sìn, torí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Akínbíyì. Ó ti kó àlàyé jọ sílẹ̀. Nígbà tí Akínbíyì wá bá Bàbá Àbúdù pé òun fẹ́ kí àwọn èèyàn òun wá rí i, bàbá kò mẹ́nu ba ẹ̀sìn rárá. Àbúrò bàbá obìnrin tó wà ní Ìsẹ́yìn, díákónì ló fẹ́. Sítátà ni bàbá mẹ́nu bà.

Ìdí ni pé ọkọ̀ náà ti tún bẹ̀rẹ̀ wàhálà rẹ̀. Láàárọ̀, á kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n á tì í, bàbá á jókòó sídìí ọkọ̀, á fi í sí jíà kejì, á máa pàṣẹ fún gbogbo wọn, ọkọ̀ á gbaná, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Tó bá di ọ̀sán, á máa gbéra wẹ́rẹ́ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan rí. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún kọ̀. Akínbíyì pààrọ̀ bátìrì. Kò tán. Ó tú sítátà, ó wò ó tinú-tẹ̀yìn, kò rí nǹkan kan. Nimat fẹ́ fi orí gbá ògiri. Kí ló wà nínú ọkọ̀ tó ń ṣàìsàn láàárọ̀ nìkan?

"Ẹni tí ọjà rẹ̀ ò lè lo ọ̀sẹ̀ kan," ni Bàbá Àbúdù wí lójú gbogbo àwọn tó wá ti ọkọ̀, "kò tíì tó ẹni tí mo lè fọmọ fún. Kí ọkọ̀ yìí kọ́kọ́ lo oṣù kan láìsí pé wọ́n tì í. Lẹ́yìn náà kí àwọn èèyàn rẹ̀ máa bọ̀."

Ìgbéyàwó Nimat wá di ohun tó rọ̀ mọ́ ọkọ̀ àtijọ́. Ó bínú títí, ó bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́, bàbá ní ọ̀rọ̀ tí òun sọ lójú èèyàn, òun ò lè kó o jẹ. Akínbíyì tó yẹ kó bínú kò bínú. Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí ẹ́ńjìnì, ìgbà yìí ni ọwọ́ rẹ̀ sì kan nọ́ọ̀tì tó di wáyà bátìrì mọ́ ara ẹ́ńjìnì. Kò fún dáadáa, iná ò sì lè dé sítátà bó ṣe yẹ. Ó ní dísù máa ń gbọ̀n púpọ̀, ó lè jẹ́ òun ló ń tú u. Ó dì í le, ó wá na ọwọ́ sẹ́yìn.

"Kútẹ̀ẹ̀sì wà nínú báàgì ẹ?"

"Èékánná ẹ lo fẹ́ kùn ni?"

Ó wà, pupa. Akínbíyì fi fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin tó jókòó lé. Ó ní tí nọ́ọ̀tì náà bá yí pẹ́nrẹ́n, ìlà náà á já, àwọn á sì mọ̀. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè gbẹ, bí ìyá ṣe ń fẹ́ àkàmù fọ́mọ. Nimat dúró ti ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń wo ọrùn rẹ̀, inú rẹ̀ sì rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó sọ fún un lọ́jọ́ náà pé òun ò fẹ́ ẹlòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ọkọ̀ fi kú sẹ́nu géètì òtẹ́ẹ̀lì tó ń ra ọjà Nimat jù lọ ní Ògùdù. Wọ́n ti tì í kúrò nílé ní Ìkòsí láàárọ̀, ó ti wá pa á kó lè já ẹrù, kò sì gbéra mọ́. Àwọn ọkọ̀ àlejò tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fun fèrè. Àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì ní iṣẹ́ àwọn kọ́ ni kí àwọn máa ti ọkọ̀. Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì jáde, ó wo tòmátì, ó wo Nimat, ó ní kó má wulẹ̀ wá mọ́. Àwọn tó ń kọjá lọ ló padà bá a tì í, ó sì wà á tààrà lọ sí Owódé Onírin.

Kò pa ẹ́ńjìnì. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní gbogbo eyín tó ń kà, gbogbo wáyà tó ń ha, ariwo lásán ni. Ó ní òun ti gbẹ́kẹ̀ lé e, òun ti fi iṣẹ́ òun ta tẹ́tẹ́ nítorí rẹ̀. Akínbíyì jáde, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ́ gan-an. Nígbà tó gbọ́wọ́ jáde, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó mú sípánà, ó di nǹkan kan le níbẹ̀, ó rọra pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

"Ẹ̀bi mi ni," ló wí. "Máà bínú."

"Ohun tó o ní í sọ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, Nimat."

Nimat retí pé kó jà, kó ṣàlàyé, kó tiẹ̀ purọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn dùn ún ju ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì lọ. Ó ní kí Akínbíyì má wá sílé àwọn mọ́, kó má sì yà sí Mile 12. Akínbíyì ní òun gbọ́. Kò wá lóòótọ́. Nimat ń bínú pé ó lè wá, ó tún ń bínú pé kò wá. Nílé, ó rò pé inú bàbá rẹ̀ á dùn, àmọ́ bàbá kò jẹun tó bó ṣe máa ń jẹ, tí ọkọ̀ sì gbéra fúnra rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ mélòó kan, ńṣe ló wo ojú ọ̀nà bí ẹni tó sọ nǹkan nù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọn kò tíì pe ìrun, Nimat jáde wá bu omi àlùwàlá. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wà ní ṣíṣí. Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó fọwọ́ kan ti ara rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ nítorí orúnkún, ó fi èkejì mú sípánà, ó ń wá nọ́ọ̀tì náà pẹ̀lú ọwọ́ nítorí ojú rẹ̀ kò ríran tó tẹ́lẹ̀ mọ́.

Nimat gbé kẹ́tù omi sílẹ̀.

"Daddy, kí lẹ ń ṣe?"

Bàbá Àbúdù yíjú padà. Ó jókòó sórí bọ́ńpà ọkọ̀, sípánà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Àjọkẹ́," ló wí, oríkì tí kì í fi pè é àfi tí ọ̀rọ̀ bá le, "látìgbà tí ìyá ẹ ti kú, ta ló ń wọ ọgbà yìí? Àwọn tó ń ti ọkọ̀ nìkan ni. Ọjọ́ tí ọmọkùnrin yẹn tún un ṣe, wọ́n kírun tán, wọ́n gba iwájú ilé kọjá lọ, wọ́n juwọ́ sí mi."

"Ẹ ò sì lè pè wọ́n?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ pé mo pè wọ́n fún?"

Ó ní tí òun bá ti tú u díẹ̀ láàárọ̀, tí wọ́n bá ti tì í tán, òun á ní òun fẹ́ wo omi ẹ́ńjìnì, òun á sì fọwọ́ dì í padà. Lọ́jọ́ Ògùdù, Mùtíù tẹ́lọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ti ọkọ̀, ló ń fi ọ̀rọ̀ dá òun lára yá, òun sì gbàgbé láti dì í. Ó ní láti ọjọ́ náà òun ò tíì fọwọ́ kàn án, àmọ́ àárọ̀ yìí, ọkàn òun ò gbà á mọ́. Nimat jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ pariwo mọ́ ọn, ó tún fẹ́ dì mọ́ ọn. Àánú bàbá rẹ̀ ṣe é, inú sì bí i sí i, kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ díẹ̀, ó wo nọ́ọ̀tì náà. Ìlà kútẹ̀ẹ̀sì ti já sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, sípánà sì ti bó o létí. Nọ́ọ̀tì tí gbígbọ̀n ọkọ̀ bá tú kì í ní ojú sípánà lára. Ẹni tó ń ka eyín sítátà lọ́kọ̀ọ̀kan kò lè ṣàìrí i. Akínbíyì ti rí i lọ́jọ́ Ògùdù, ó mọ̀ pé ẹnì kan ń tú u, ó mọ ẹni tó lè jẹ́, ó sì pa ẹnu mọ́. Ìbínú tuntun gun Nimat, èyí sì ju gbogbo ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn ọkùnrin mọ́ṣáláṣí dé. Bàbá Àbúdù fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tó ṣe fún wọn, ó ń wo ilẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Mùtíù tẹ́lọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń fẹ́ gbọ́ ìtàn Kánò láìsí ìrora ẹ̀yìn, ó sì wá àga jókòó. Àwọn yòókù náà jókòó. Nimat fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀ títí tí wọ́n fi tú ká, lẹ́yìn náà ó ní òun ń lọ sí Owódé Onírin. Bàbá ní kó dúró, òun náà ń bọ̀.

Akínbíyì dìde nígbà tó rí i lẹ́nu ọ̀nà.

"O mọ̀," ni Nimat wí.

"Mo mọ̀."

"O jẹ́ kí n bú ẹ. O jẹ́ kí n lé ẹ."

"Bàbá ẹ ni, Nimat. Ṣé kí n wá dúró níwájú ọmọ wọn, kí n ní àwọn ni wọ́n ń tú u? Mo rò pé tó o bá máa kórìíra ẹnì kan, ó sàn kó jẹ́ èmi."

"Ta ló ní kó o bá mi yàn án? Ọjọ́ mélòó ni mo fi sunkún nítorí ẹ, tí mo rò pé ọkàn ẹ ò sí níbẹ̀."

Kí Akínbíyì tó dá a lóhùn, Bàbá Àbúdù ti wọlé, ó ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, ó sì di tábìlì mú. Ó ní òun wá tọrọ àforíjì. Kó tó sọ ọ́ tán Akínbíyì ti dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ti tán. Bàbá fà á dìde, ó ní oṣù kan tí òun dá, òun ti fà á ya, kó lọ sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n máa bọ̀. Akínbíyì ní wọ́n lè wá lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Bàbá ní ọjọ́ Àìkú dára, kí wọ́n má jẹun wá. Wọ́n ti ń sọ iye èèyàn tó máa wá, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín síra wọn.

"Ẹ ti parí ẹ̀?" ni Nimat bi wọ́n. "Ọ̀kan ń tú nọ́ọ̀tì, kò sọ fún mi. Èkejì rí i, kò sọ fún mi. Ẹ sì ti mú ọjọ́ báyìí. Kò sẹ́ni tó tíì bi mí."

Bàbá Àbúdù wúkọ́, ó ní òun fẹ́ lọ wo bátìrì tó wà níta. Ó jáde.

Akínbíyì súnmọ́ ọn. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Nimat, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Tó o bá tún rí ohun tó lè dùn mí, sọ ọ́ fún mi, kí n lè mọ ẹni tí mo máa bínú sí."

"Màá sọ."

"Tó bá jẹ́ bàbá mi ńkọ́?"

"Màá sọ."

"Tó bá jẹ́ ìyá tìẹ ńkọ́?"

Akínbíyì ronú díẹ̀ lórí èyí, ó sì ní òun á sọ. Ojú rẹ̀ ti kún fún omi, ó dúró bí ẹni tí wọ́n ń ka eyín tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nimat wò ó títí. Gbogbo ìbínú tó gbé wá láti Ìkòsí ń tú dànù, kò sì rí nǹkan kan ṣe sí i.

"Tún bi mí," ló wí, "kí n lè dá ẹ lóhùn láìbínú."

Akínbíyì tún bi í. Nimat ní òun á fẹ́ ẹ.